Ibi Tí Olóyè Àlàó Yàn

Olóyè Àlàó ló kọ́kọ́ ṣe mí níkà, ẹ̀yin ará. Òun ló jókòó síwájú yẹn. Ẹ má wulẹ̀ na ọrùn.

Àwọn àlejò aláàánú kan fẹ́ kọ́ ilé kọ̀ǹpútà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn ọmọ tálákà lè máa kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé. Mo ní kí wọ́n kọ́ ọ sí Ìsàlẹ̀ Odò, níbi tí mo ti ṣe tíṣà títí irun mi fi funfun. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá wo ibẹ̀, Olóyè ti fi bọ́ọ̀sì kó àwọn ọmọ wa lọ. Ó tò wọ́n síwájú ilé ara rẹ̀ lódìkejì títì márosẹ̀, láìwọ bàtà, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo pariwo pé irọ́ ni.

Ó ní, "Ẹ má dá Màmá Tíṣà lóhùn. Ogbó ló ń ṣe wọ́n."

Gbogbo ìgbìmọ̀ àdúgbò bá a rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ́ ilé náà síbẹ̀. Níbi tí Mopélọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ti ń sọdá lọ síbẹ̀ ni tipà ti tẹ̀ ẹ́ pa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà tán, mo sùn lọ lórí eékún mi. Ẹnìkan tí ojú rẹ̀ ń tàn dì mí lọ́wọ́ mú, ó mú mi dé títì kan tí ọ̀dà rẹ̀ ń hó. Wọ́n fi ìṣó kan ahọ́n àwọn ènìyàn mọ́lẹ̀, táyà ń gùn wọ́n kọjá, ahọ́n ń ya, ó tún ń hù.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tó mọ òtítọ́, tí wọ́n bá òpùrọ́ rẹ́rìn-ín."

Mo wo ojú wọn. Ìgbìmọ̀ wa pé.

Lẹ́yìn náà ni mo rí Olóyè. Aṣọ ilé ìwé ọmọdé fún mọ́ ọn lára, iná ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń fi pàṣán irin lé e pé kó sọdá, ó sáré, tipà dé, ó fọ́ itan rẹ̀, ó fọ́ àyà rẹ̀, orí rẹ̀ là bí àgbálùmọ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu, egungun rẹ̀ tún ń wọ́ jọ, ó dìde, pàṣán tún dé, tipà tún dé, ó ń ké, Olúwa, ó ń ké bí ọmọdé!

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Kò tíì kú. Ó fẹ́ràn kó máa yan ibi fún ẹlòmíràn. Ibi tó yàn fún ara rẹ̀ nìyí."

Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un.

A gòkè. Mopélọ́lá jókòó sétí omi tó mọ́ gaara, kọ̀ǹpútà lórí itan rẹ̀, kò sí àpá kankan lára rẹ̀.

"Ìyá àgbà, kò sí títì níbí o."

Ẹkún ló jí mi.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo rí àyè yín. Ẹ kó kọ̀ǹpútà yẹn wá sí Ìsàlẹ̀ Odò kí ọmọ mìíràn tó kú, kí ìṣó tó kan ahọ́n yín.

Mo ti lọ kìlọ̀ fún Olóyè nílé rẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Màmá Tíṣà, ebi ààwẹ̀ lẹ fi lálàá o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bu oúnjẹ fún yín." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ẹ̀jẹ̀ kankan sílẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó di ìborùn mi mú, ó ní, "Màmá, Mopélọ́lá ńkọ́? Ṣé kò bá mi bẹ̀bẹ̀ ni?"