Kàsúmù Ni Orúkọ Ọmọ Náà

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi, gbogbo wa tí a jọ ń kàwé lórí wọ́sáàpù yìí, ẹ má fo fóìsì yìí o. Ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó máa gùn. Èmi Ìyá Tamílọ́rẹ tí ẹ̀ ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí nǹkan kan ti há mi lọ́fun, lónìí ni mo fẹ́ pọ̀ ọ́ jáde. Tí ojú bá máa tì mí, kó tì mí tán.

Nínú gbogbo ìwé ìtàn tí Sìsítà Susanna, olórí ẹgbẹ́ wa yìí, ń yá wa láti láíbìrì yunifásítì, kò sí ẹyọ kan tí mo kà parí. Ẹyọ kan! Ìwé mẹ́fà ni ẹ rò pé mo ti kà. Tí mo bá ti gbá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tán, tí mo wọkọ̀ délé ní Joju, ojú ìwé méjì péré, oorun ti dé. Ẹni tó ń kà á ni Mùíbátù, ọ̀rẹ́ mi, ẹgbẹ́ mi, ọmọ Ìkirè, tí yàrá ẹ̀ kọjú sí tèmi. Látìgbà tí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti lé e kúrò nílé iṣẹ́ fóòmù, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, á máa fi ọwọ́ rán àpò, ìwé á wà lórí itan. Tí mo bá ń se ọbẹ̀, á ní, "Ìyá Tamí, wá gbọ́ ìranù tí ọkùnrin yìí ṣe!"

Ẹ rántí ìwé ọmọkùnrin tó pe ìyá ẹ̀ ní ọmọ ọ̀dọ̀ lójú àfẹ́sọ́nà? Gbogbo yín ń ṣépè fún ọmọ. Èmi ní mi ò wo ọmọ rárá, ọwọ́ ìyá ni mò ń wò, pé kíá ló gbé abọ́ kúrò nílẹ̀ kí àṣírí ọmọ ẹ̀ má baà tú. Ẹ ní, "Háà, Pùròfẹ́sọ̀!" Mùíbátù ló sọ ọ́. Ìwé orogún méjì ńkọ́, tí mo ní ó ti rẹ òǹkọ̀wé, ló fi pa ìyálé bí ẹni fẹ́ àtùpà pa kó lè lọ sùn? Ẹ rẹ́rìn-ín títí. Mùíbátù náà ni. Aṣọ aláṣọ ni mò ń wọ̀ ṣakọ.

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé wọn ò lè fi èmi náà sí i? Fóònù mi ò gba wọ́sáàpù, àmọ́ mo lè máa sọ̀rọ̀ lórí tìẹ." Ẹ gbọ́ irọ́ tí mo pa. Mo ní ọmọ ìjọ wa nìkan ni wọ́n ń gbà, wọn kì í gba Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Sìsítà Susanna ní ká mú aládùúgbò tó bá ń kàwé wá, ibi yòówù kó ti máa kírun. Ẹ̀rù ló bà mí. Tó bá wọlé, kí lẹ máa wá pe èmi? Mùíbátù ò bínú. Ó ní, "Kò burú. Ṣáà máa bá mi sọ fún wọn."

Ìwé obìnrin tí ọmọ ẹ̀ kú wá dé. Mùíbátù ò rán àpò lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Irọ́ ni ìwé yìí pa. Ó ní obìnrin yẹn kó aṣọ ọmọ ẹ̀ dànù, ọkàn ẹ̀ sì fúyẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kàsúmù mi nígbà tó lọ. Mo kó gbogbo ẹrù ẹ̀ fún èèyàn, àfi bàtà ẹsẹ̀ kan tó há sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e láti Ìkirè wá sí Ṣàngó níbí. Ọdún mọ́kàndínlógún. Mi ò fẹ́ kí ọkàn mi fúyẹ́. Tó bá fúyẹ́, ibo ni Kàsúmù máa gbé?"

Mo sunkún. Mo wá wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn, mo tẹ fóònù, mo ní, "Ẹ̀yin ará, èmi náà ti sin ọmọ rí." Èmi tí Tamílọ́rẹ nìkan ni mo bí, tí ara ẹ̀ le koko! Ẹ bi mí ní orúkọ ọmọ. Mi ò lè pe Kàsúmù, mo ní Ọlábánjí. Mo yí orúkọ òkú ọmọ ọlọ́mọ padà. Ẹ gbààwẹ̀. Ẹ gbé ìrẹsì àti adìẹ wá sí Joju, ẹ kọjá lára Mùíbátù lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ó bi mí ohun tí ẹ wá ṣe. Mo ní ọjọ́ ìbí mi ni. Mo bu ìrẹsì ọmọ ẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́, ó sì ṣàdúrà fún mi. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìwé yẹn, kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, "Wọn ò wí nǹkan kan."

Kò ṣí ìwé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní ojú ń dun òun. Àná ni mo rí awò ojú ẹ̀ nínú agolo òwú, òwú ti wé e lára. Ojú kọ́ ló ń dùn ún. Èmi ni.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo jókòó sí báyìí. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ ni. Ó ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀... Ó ní, "Ìrẹsì yẹn, Ìyá Tamí?" Bẹ́ẹ̀ ni, Mùíbátù. Ìrẹsì yẹn. Mo kúnlẹ̀. Lù mí tó o bá fẹ́.

Ẹ̀yin ọmọdé tó wà níbí, tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá dùn mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sì jọ̀ọ́, àdúrà tí ẹ gbà fún Ọlábánjí, ẹ tún un gbà, ẹ pe Kàsúmù sí i... Ó ń na ọwọ́. Ó ní kí n gbé fóònù wá. Ẹ dúró o, ẹ má tíì lọ. Ìyá Kàsúmù fẹ́ sọ̀rọ̀.