Mo Fi Ọmọ Ogun Táyé Rọ Ọta Ìbọn

Mo yọ́ ọmọ ogun lórí iná. Mo fi wọ́n rọ ọta ìbọn, mo fi ọta náà pa ẹtu kan lọ́nà Tápà, mo sì fi ẹtu náà jẹ iyán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù nìyẹn, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá báyìí, ó sì ba àárín ìyá àti ọmọ jẹ́. Wọn ò mọ̀ pé èmi ni. Àbí kí n sọ pé mo rò pé wọn ò mọ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé ìyá ọ̀hún wà lórí àìsàn, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

Ọdẹ ni mí, ọmọ Igbó-Ọrà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, nítorí náà ẹ fojú fo àṣìkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì ọkùnrin, Táyé àti Kẹ́hìndé. Nílùú wa, ìbejì kì í ṣe ohun àrà. Ilé tí kò bá ní ìbejì la máa ń bèèrè ohun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn méjì yìí jọ ara wọn débi pé ohùn wọn gan-an kò yàtọ̀. Bàbá Ọdẹ ni wọ́n ń pè mí.

Nígbà tí wọ́n wà níléèwé girama ní Èrúwà, òyìnbó kan tó ń kọ́ wọn ní ìtàn fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Ó fún wọn ní páálí kan. Ọmọ ogun kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, òjé ni wọ́n fi ṣe wọ́n, wọn ò ga tó àtàǹpàkò. Ogun Nàpólíọ́ọ̀nù, ọba Faransé kan láyé àtijọ́, ni wọ́n fi ń ṣeré. Táyé mú àwọn Faransé, aláṣọ búlúù. Kẹ́hìndé mú àwọn Gẹ̀ẹ́sì aláṣọ àwọ̀ ewé, àwọn tí ń sá sẹ́yìn igi yìnbọn bíi tàwa ọdẹ.

Táyé máa ń sọ pé ogun ńlá kọ́ làwọn ń jà, ìjà inú igbó ni. Ọ̀gá kan, sájẹ́ǹtì kan, afunfèrè kan àti ọmọ ogun díẹ̀ ti tó fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tọrọ ọ̀dà, irun ewúrẹ́ ni búrọ́ọ̀ṣì wọn, kíútẹ́ẹ̀sì ìyá wọn ni wọ́n sì fi kun ọrùn aṣọ àwọn Faransé. Rúlà ni wọ́n fi ń wọn ibi tí kálukú lè rìn dé, wọ́n á sì da ọmọ lúdò láti mọ ẹni tí ọta bà.

Ẹ má rò pé mo mọ gbogbo èyí nígbà náà. Ìgbà tó ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Páálí nìkan ni mo máa ń rí.

Táyé kú lọ́dún tí àwọn méjèèjì di tíṣà. Ibà ni. Kẹ́hìndé kò sunkún. Àwọn ìyá àgbà ilé ní ká gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, bí a ti ń ṣe fún ìbejì láti ọjọ́ pípẹ́, kí ìkejì rẹ̀ má baà tẹ̀ lé e. Alàgbà ìjọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó kọ̀. A kò gbẹ́ ère.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń gba abẹ́ fèrèsé Kẹ́hìndé kọjá. Mo gbọ́ tó ní ọta ti ba Bàbá Ọdẹ, kí wọ́n gbé e kúrò. Ohùn kan dá a lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn Táyé ni. Ó ní kò tíì kú, ẹsẹ̀ ló ti bà á. Mo yọjú. Kẹ́hìndé nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn kéékèèké tò sórí tábìlì, wọ́n lójú, ọrùn wọn pupa bí ẹ̀jẹ̀. Kẹ́hìndé dìde, ó bọ́ sí òdì kejì tábìlì, ó tún ń sọ̀rọ̀.

Sìgìdì ni mo pè wọ́n. Ta ni kò mọ̀ pé ère kékeré tí wọ́n bá pe orúkọ èèyàn sí, ẹni náà ni wọ́n ń rán an sí? Mo ní ikú Táyé ti da orí ọmọ yìí rú, ó fẹ́ fi mí ṣe pààrọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ti gbàgbé pé mo fi kọ kùkùté lóko. Èmi tí mo ti dúró de ẹfọ̀n nínú igbó, mo wá ń tiro kiri ilé nítorí ohun tí kò ga tó àtàǹpàkò.

N kò bèèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo ní ẹnu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì ni.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tí gbogbo wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi ewé kókò kó wọn, kí ọwọ́ mi má baà kàn wọ́n. Mo gbé wọn lọ sí àgbẹ̀dẹ ọ̀nà oko, níwájú Ògún, níbi tí sìgìdì kankan kò ti lè jẹ́. Kí n tó fẹ́ iná dáadáa, wọ́n ti di omi. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ohun tó fẹ́ pa mí kò lè rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ ni mo fi wò ó: òjé tó dáa, òjé sì ṣọ̀wọ́n lásìkò náà. Mo fi ṣe ọta.

Ẹyọ kan ṣẹ́kù. Ó yọkùn, ó dé fìlà gàgàrà, wọ́n sì kọ Bàbá Ọdẹ gínńgín sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ni n kò lè jù síná. Bí mo bá lọ yọ́ ara mi ńkọ́? Mo jù ú sí ìsàlẹ̀ àpò ọdẹ mi.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kó lè dáná. Ó sì ti ń sọ fún Kẹ́hìndé láti ọjọ́ mélòó kan pé kó kó àwọn nǹkan wọ̀nyẹn tì, kó sunkún àbúrò rẹ̀ bí èèyàn. Nítorí náà, nígbà tí Kẹ́hìndé ṣí páálí tó bá a lófìfo, ìyá rẹ̀ ló yíjú sí. Ìyá ní òun kọ́. Ó tún un sọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀.

Kò pẹ́ tí Kẹ́hìndé fi gba iṣẹ́ lọ sí Kàdúná. Kò kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó wá sin ín, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ ìyá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ti jẹun. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé eré náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní èèyàn lè rí òmíràn rà, òjé tó sọnù kọ́ ló ń dun òun.

Ó ní, “Bàbá Ọdẹ, Táyé ló kun àwọn aláṣọ búlúù yẹn. N kò ní nǹkan mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀.”

Ó ní Táyé náà ló fi orúkọ mi pe ọ̀gá wọn, pé kò sí ẹni tó láyà tó mi nínú agboolé wa. Mo ní ó mà ṣe o. Mo fi ẹran kún tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n kọ lẹ́tà sí Kàdúná ni, àbí kí n gbé ọ̀gá ogun náà dání kí n wọkọ̀ lọ bá a? Ìbẹ̀rù mi fara mọ́ lẹ́tà, nítorí lẹ́tà kò lójú tí wọn yóò máa wò. Ẹ dárí jì mí, bí ọmọ náà kò bá tilẹ̀ lè dárí jì mí.

Ohun tí mo ń rò kiri nìyẹn títí di ọjọ́ tí Ìyá Ìbejì pè mí. Ó ti rù gan-an. Ó ní kí n mú ẹni tó wà nínú àpò mi jáde. Ó rán mi létí ọdún tí okùn àpò náà já, tí mo gbé e fún òun láti rán. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀. Mo mú un jáde, ó gbà á, ó fi èékánná tọ́ kíútẹ́ẹ̀sì tó wà lọ́rùn ọmọ ogun náà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ.

Ó ní, “Ọkọ mi, ó ti pàdánù ìkejì rẹ̀, n kò fẹ́ kó tún pàdánù yín. Mo ní ọmọ tó bá bínú sí ìyá rẹ̀ á padà wálé lọ́jọ́ kan. Kò wá. Ẹrù yín ni, mo sì ti bá yín rù ú jìnnà. Ẹ sọ̀ mí.”