Tẹlifíṣàn Tó Ju Ti Sọ́jà Lọ

Ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣàn tòkunbọ̀ kan ní Alábà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya yìí, níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n bá mi tún rédíò mi ṣe.

Ọkọ nawọ́ sí èyí tó tóbi. "Eléyìí la máa rà. Ó ju ti sọ́jà ilé kejì lọ."

"Bàbá Káyọ̀dé, dúdú àti funfun lásán nìyẹn. Báwo làwọn ọmọ ṣe fẹ́ mọ mọ́tò pupa yàtọ̀ sí búlúù nínú géèmù tí ẹ rà fún wọn? Kékeré yìí ló ní kálà, owó wa sì ká a."

"Kí sọ́jà lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn ọmọ mi ń sùn tí wọ́n ń jí nítorí géèmù. Lánàá, Káyọ̀dé pè é ní Dádì níṣojú mi."

Ìyàwó rọra ń fi etí ìró nu eruku ojú tẹlifíṣàn kékeré náà.

"Ti sọ́jà gan-an ò tó kékeré yìí. Àmọ́ tí wọ́n bá ń gbá géèmù, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú wọn."

Ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀ wọ́n rí, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Owú ti di ọkọ létí ní tiẹ̀. Ó kọjú sí ẹni tó ń tajà.

"Ṣé kò sí èyí tó tún tóbi ju eléyìí lọ?"