Ewé Òdúndún Tí Àwẹ̀ró Gbé Wá

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí gbogbo agbo ilé wa yìí kò ju ahéré méjì lọ, epo pupa ni àwọn ìyá wa ń ṣe. Àwẹ̀ró ni ìyálé, Ẹfúnyẹlá ni ìyàwó. Ẹfúnyẹlá bí ọmọkùnrin kan, Àwẹ̀ró kò bí rárá. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí?

Bí Àwẹ̀ró bá rẹ́rìn-ín sí ọmọ, Ẹfúnyẹlá a fura. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, a tún fura. Wọ́n ṣáà ní pańsá ò fura, pańsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn.

Ó di ọjọ́ kan, epo gbígbóná dà sí ọmọ lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ bó. Ọmọ ń ké, ìyá ń ké. Àwẹ̀ró sáré wọ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tó máa padà, ó fi aṣọ bo nǹkan mọ́ àyà.

"Kí lẹ fi pamọ́ yẹn, ìyálé mi?"

"Òdúndún ni. Mi ò fẹ́ kí oòrùn pa á." Ewé náà nípọn, ó kún fómi, òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú.

"Òun lẹ ti ń gbìn dè mí látọjọ́ yìí? Kò ní kan ọmọ mi!"

"Ìyàwó, ara ń ta ọmọ, ẹjọ́ lò ń rò."

"Ẹ kọ́kọ́ fi sára tiyín ná."

"Èmi ò jóná."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò rí i?"

Ṣé ẹ ń gbọ́? Àwẹ̀ró bu epo tó ń hó, ó dà á sápá ara rẹ̀. Igbe kan ṣoṣo ló ké. Ó fún omi ewé sí i, ó fi ewé bò ó, ó jókòó síwájú ìyàwó.

"Wò ó."

Ẹfúnyẹlá wò ó. Ó ń wò ó bóyá apá yóò dú, bóyá ìyálé yóò ṣubú. Ìyálé kò ṣubú. Òógùn ló ń bọ́ lójú rẹ̀, tó ń mí gúlegúle. Ẹfúnyẹlá gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀.

"Ẹ bá mi fi sí i."

Ọmọ náà ló yè tó di Ògúnrónbí, baba ńlá wa. Ẹfúnyẹlá ló bí i, ṣùgbọ́n Ilé Àwẹ̀ró là ń jẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí a bá sọ ọmọ lórúkọ níbí, ìyàwó mìíràn nínú agbo ilé ló ń gbin òdúndún sẹ́yìn ilé ìyá ọmọ. Tó bá sì já ewé wá lọ́jọ́ àìsàn, ìyá ọmọ lè fura o, a ò ní kó má fura. Ṣùgbọ́n nílé Àwẹ̀ró, ẹni tó bá fura ló ń na apá tirẹ̀ kí a kọ́kọ́ fi ewé sí i, kì í ṣe ẹni tó já a wá.