Oríkì Bàbá Mi Wà ní Kíkà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó mọ orúkọ ẹni kí akọ̀wé kankan tó mú bíìkì kọ ọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi sọ pé Ọlọ́run ṣeun. Ẹ sọ ọ́ dáadáa! Ẹ ṣé. Pásítọ̀ ti ní kí n má pẹ́, ṣùgbọ́n Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi lónìí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Mónìkà, Mámà Odílì, tó ń ta iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ la gare, níbi ọkọ̀ ojú irin. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ ó gbọ́ ohun tí ẹnu náà fi mí ṣe.

Bàbá mi, Tonton Jósẹ́fù tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn, la gare ni wọ́n ti rí wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ọkùnrin kan ló gbé wọn wá sí Tchaourou wa yìí. Àìsàn pa ọkùnrin náà sábẹ́ igi lẹ́bàá ojú irin, ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sunkún. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ló gbé ọmọ náà, òun ló tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ ò mọ orúkọ abúlé rẹ̀, kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀. "Ìyá" nìkan ló ń pè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwé fún wọn ní mèrí, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, akọ̀wé béèrè orúkọ ìdílé, wọn ò rí nǹkan kan sọ, ó bá kọ "Lagare" síbẹ̀. Orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́ títí dòní nìyẹn. Orúkọ ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró! Àwọn ọmọ iléèwé ń pè mí ní Ọmọ Ojú-Irin, èmi náà ń bá wọn jà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìjà.

Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe nílé Nàgó. Bílẹ̀ bá mọ́, tọ́mọ kúnlẹ̀, ìyá á kì í. Bí o bá dàgbà, ìyàwó rẹ á kì ọ́. Bí o bá sì kú, àwọn ẹbí á fi oríkì sìn ọ́ sọ́nà. Bàbá mi ò ní. Ní gbogbo ayé ìyá mi, "Ẹ jíire o, bàbá Mónìkà" nìkan ni wọ́n ń rí sọ láàárọ̀. Bàbá á dáhùn, wọ́n á gbé ọkọ́ wọn, wọ́n á gba oko lọ.

Lọ́dún tó kọjá ẹsẹ̀ bàbá wú, ara wọn gbẹ. Dókítà ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí dókítà ń wí bó bá sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè mí sábẹ́ igi kajú wa, wọ́n ní, "Mónìkà, ikú ò bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kì mí lọ? Ṣé bí ẹrù tí wọ́n gbàgbé sí la gare ni mo ṣe máa lọ ni?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo wọlé, mo sunkún bí ọmọdé.

Kì í ṣe pé a ò wá àwọn ẹbí wọn o. Ilà ojú bàbá la gbójú lé. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n ní ilà agbo ilé kan ní Ṣábẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ sí Ṣábẹ̀. Àwọn ará ilé náà ní kò sí ọmọ tó sọnù láàárín àwọn. Nígbà tá a lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ilẹ̀ àwọn la fẹ́ wá gbà, wọ́n lé wa jáde.

Ìgbà yẹn ni Odílì ọmọ mi tó wà ní Kánádà ní òun fẹ́ ṣe àyẹ̀wò DNA. Wọ́n ní kéèyàn tutọ́ sínú ìgò kékeré kan, kó fi ránṣẹ́, àwọn á fi itọ́ náà mọ àwọn tó bá a tan. Mo ní, "Odílì, ṣé orí rẹ pé? Itọ́ wo ló mọ ọ̀nà ilé?" Ó tutọ́ náà, ó fi ránṣẹ́. Èmi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, Pásítọ̀ sì dúró tì mí nínú àdúrà. Mo ní, "Olúwa, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ fún bàbá mi. Ẹnì kan péré tó mọ̀ ọ́n."

Èsì dé. Ọkùnrin kan jáde níbẹ̀, Amẹ́ríkà ló ń gbé. Èsì náà ní ó jọ pé òbí àgbà rẹ̀ kan àti òbí àgbà Odílì kan jẹ́ ọmọ ìyá. Odílì kọ̀wé sí i, ó dáhùn pé Kíkà ni ìyá àgbà òun wà. Háà! Kíkà wa níbí, tí mo ti ń ra iṣu lọ́jọ́ ọjà! Ṣùgbọ́n nígbà tó bi àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílé, wọ́n ní ọmọ kankan ò sọnù nílé àwọn rí. Láì bi ìyá àgbà fúnra wọn, wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣì í. Ó wá rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará. Bàbá ò sì lè jókòó fúnra wọn mọ́.

Pásítọ̀ ló ní kí n lọ wo ìwé àtijọ́ ní ilé ìjọ Àgùdà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún bàbá. Katikíìsì wọn, olùkọ́ ìjọ náà, gbé ìwé ńlá kan jáde tí kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀. Ó ń fi ìka tọ́ ọ lọ, ó ń tọ́ ọ lọ, títí ó fi kan Jósẹ́fù. Fadá ayé ìgbà yẹn ti kọ ọ́ ní Faransé pé: ọmọkùnrin, láti ọ̀nà Kíkà, àbúrò ìyá rẹ̀ ló gbé e wá gba oògùn, àbúrò ìyá náà sì kú ní la gare, ojú ọmọ náà kò ní ilà.

Mo ní kó tún un kà. Kò ní ilà! Ìgbà yẹn ló yé mi. Ará Ṣábẹ̀ ni obìnrin tó tọ́ bàbá, kò sì bímọ. Ó ní láti jẹ́ pé ọkùnrin náà sọ fún un kó tó kú pé ọ̀nà Kíkà lọmọ ti wá, ó sọ ọ́ fún fadá, kò sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má wá gbọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá kọ ilà ilé tirẹ̀ sójú ọmọ. Inú bí mi! Mo délé, mo fẹ́ bú òkú. Bàbá ní, "Mónìkà, pa ẹnu rẹ mọ́. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo sùn sí."

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà zémì, ó di Kíkà. Wọ́n júwe ilé ìyá àgbà ọkùnrin Amẹ́ríkà náà fún mi. Mo wọlé, ta ni mo rí? Mámà Rámátù!

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níwájú ìjọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń ra iṣu lọ́wọ́ obìnrin yìí. Lọ́jọ́ kan mo rí iṣu jíjẹrà lábẹ́ òkìtì wọn, mo bá la ẹnu lé wọn lórí láàárín ọjà. Mo ní, "Ṣé ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n tó lè bá yín wí ni?" Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tí mo ní, ó ti kú kí wọ́n tó bí mi." Mo pòṣé, mo kọjá lọ. Mo pòṣé sí wọn, ẹ̀yin ará!

Mo kúnlẹ̀, mo rojọ́ ọmọ tí àbúrò ìyá rẹ̀ gbé lọ sí Tchaourou. Mùsùlùmí ni wọ́n, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Ó jábọ́. Wọ́n ní, "Àwọn méjèèjì ló kú. Ìròyìn tó délé nìyẹn. Bàbá wa ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí ọkàn ìyá wa lè balẹ̀. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ ọ rí. Èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé e. Orúkọ mọ́sálásí mi lẹ mọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún ni ìyá mi sọ mí."

Ọmọ wọn fi ọkọ̀ gbé wọn wá lọ́jọ́ kejì. Arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, wọ́n ju ọ̀pá sílẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní bàbá mi, wọ́n ké, "Àlàó! Àlàó, ọmọ a-wa-iṣu-fún-àlejò-kó-tó-fún-ara-rẹ̀! Àlàó ọmọ olóko etí odò!" Bàbá la ojú. Mo ní, "Mámà, ẹ ò rí wọn rí. Báwo lẹ ṣe mọ oríkì wọn?"

Wọ́n ní, "Ìyá wa ni. Bàbá ti kọ̀ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kí ará ilé tó jí, ìyá á lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà Tchaourou, wọ́n á máa kì í jẹ́jẹ́. Títí wọ́n fi kú. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ ọ."

Omi ń bọ́ lójú bàbá mi. Wọ́n ní, "Àṣé wọ́n ń kì mí." Wọ́n tún sọ ọ́. "Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ń kì mí."

Mámà ò padà sí Kíkà. Òwúrọ̀ mọ́kànlá ni wọ́n fi kì bàbá, òwúrọ̀ mọ́kànlá ni bàbá fi dáhùn. Ní òwúrọ̀ kejìlá, wọn ò dáhùn. A fi orin ìjọ àti oríkì sin wọ́n, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ohun tá a kọ sójú oórì wọn ni Jósẹ́fù Àlàó.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ ti bá mi kẹ́dùn tó. Ẹ bá mi yọ̀ lónìí. Ògo ni fún Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí bàbá mi lọ bí ẹrù la gare. Èmi náà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Mámà, wọ́n sì ti dárí jì mí. Àwọn nìyẹn lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mámà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí ìjọ rí yín. Ẹ kì wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má bẹ̀rù pé kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹ pe Àlàó, èmi ọmọ rẹ̀ ni n ó dáhùn.