Sùpàgẹ́tì ní Ilé Àjàgbé

Bàámi, ẹ má wulẹ̀ fi àga lọ̀ mí, ìdí mi ò gba àga lónìí! Fúnṣọ́, àbúrò mi, ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló gbé sùpàgẹ́tì wọ agbo ilé wa ní Ìrẹmọ lánàá! Níbo? Níbi ìrántí Bàbá Àjàgbé gan-an! Kúlà ńlá, ó ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ oórì!

Ẹ̀yin àbíkẹ́yìn Bàbá, ṣebí ẹnu yín la ti gbọ́ ọ? Pé nígbà tí Ítálì gbógun lọ bá ènìyàn dúdú ní Etiópíà, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú da èéfín olóró lé wọn lórí nítorí ilẹ̀ onílẹ̀, Bàbá kó àwọn ọ̀dọ́ Ìrẹmọ àti Ilàré jọ, wọ́n tọ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó lọ, wọ́n ní kó fún àwọn níbọn, àwọn fẹ́ lọ gbèjà ará àwọn. Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní kí ni aláwọ̀ dúdú mọ̀ nípa ogun. Kò mà pẹ́ o! Ogun kanlẹ̀kùn ilé tiwọn, ajẹ́lẹ̀ yìí kan náà ló tún ń wá ọmọ wa kó lọ sí Bọ́mà! Ìgbà yẹn, aláwọ̀ dúdú ti wá mọ ogun. Ṣíọ̀!

Ọjọ́ tí Bàbá ti ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ dé ló búra pé oúnjẹ Ítálì ò ní gba ọ̀fun ọmọ òun kọjá láéláé. Ní Poli, tí gbogbo yàrá ń se sùpàgẹ́tì, gàrí ni mo mu títí mo fi gbàwé ẹ̀rí!

Ẹ wá gbọ́ èsì onímọ̀ wa. Ó ní Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ẹ gbọ́ ná! Okùn tí wọ́n bá lọ́ l'Ékòó, ṣé kì í fún ni lọ́rùn ni? Ó ní ogun yẹn ti parí. Ta ló bá wa parí ẹ̀? Ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀ wá?

Kí lẹ wí? Pé ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Àìkú lè fagi lé èèwọ̀ náà? Lójú ta ni? Ẹni tó ṣẹ̀ ní í bẹ̀bẹ̀! Kí Ítálì rán ènìyàn wá sí Ìrẹmọ, kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú oórì Bàbá, ká wo ojú ẹ̀. A lè dárí jì í, a sì lè má dárí jì í. Títí dìgbà náà, kí Fúnṣọ́ máa jẹ iṣu!

Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàámi. Mo ti kọ̀wé sí aṣojú wọn l'Ábùjá. Mo ní tó bá ń bọ̀, kó má gbé oúnjẹ kankan dání.