Èmi Ni Mo Dí Nọ́ḿbà Yẹn, Kì í Ṣe Ìyàwó Ọmọ Alájà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Wọ́n ti lé obìnrin kan kúrò nílé ọkọ ẹ̀ ní Ìgàndó nítorí ohun tí èmi fọwọ́ ara mi ṣe, oorun ò sì kùn mí mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Ìkọ́ṣẹ́ ló gbé mi dé gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà bí wọ́n ṣe lè fi fóònù tọ́jú ìlera wọn. Mo ń kọ́ wọn láti ka àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìwòsàn, kí wọ́n má sì gba irọ́ orí Wáàsáàpù gbọ́. Ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́. "Ìfura loògùn àgbà," ni mo máa ń sọ fún wọn.

Tí a bá parí, wọ́n á kó fóònù wá kí n bá wọn fọ̀ ọ́. Fífọ̀ yẹn ni kí n dí nọ́ḿbà àwọn gbájúẹ̀, kí wọ́n má lè pè wọ́n mọ́.

Nínú àwọn àgbàlagbà yẹn, Alájà ló fẹ́ràn mi jù. Àrùn kan ń jẹ ojú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé ìwòsàn sì ní àwọn máa pè é fún iṣẹ́ abẹ. Àǹtí Bàṣírà, ìyàwó Bùròdá Wàsíù ọmọ ẹ̀, ló ń bá a ka fóònù nílé. Lọ́jọ́ kan tí mo ń kánjú, mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ kan lórí fóònù Alájà láti nọ́ḿbà tí kò lórúkọ: kó tètè pe àwọn, ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀ ni. Mo pòṣé. Mo ní olè nìyí jàre. Mi ò kà á dé ìsàlẹ̀, mi ò bi Alájà. Mo dí i.

Ilé ìwòsàn ni.

Alájà dúró títí. Nígbà tí Bùròdá Wàsíù mú un lọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn pè títí, kò wọlé, àwọn sì ti fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀. Ojú ọ̀tún ti kú pátá.

Alájà fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á lé mi níbi ìkọ́ṣẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n wo fóònù náà, mo sì yọ́ tú nọ́ḿbà yẹn sílẹ̀. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ bá padà jáde. Mo rò pé mo ti tún un ṣe, òmùgọ̀ èmi!

Àǹtí Bàṣírà ló rí wọn nírọ̀lẹ́. Ó sáré gbé e wá: "Màmá, ẹ wò ó, àtẹ̀jíṣẹ́ wọn rèé!"

Alájà ní, "Wàsíù wá a lánàá, kò rí i. Ibo lo kó o pamọ́ sí?"

Wọ́n ní kó jáde nílé àwọn. Bí Àǹtí Bàṣírà ṣe pọn ọmọ ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀ nìyẹn.

Látìgbà náà, gbogbo èèyàn ni mò ń fura sí. Bí Bùròdá Wàsíù bá kí mi, mo máa rò pé ó ti mọ̀. Mo pàdé Àǹtí Bàṣírà ní Ìyànà Ìpájà. Ó wò mí, ó wò mí, ó ní, "Tíṣà, ṣé ìwọ náà gbà pé èmi ni?" Mo ní mò ń kánjú, ẹ má bínú. Ṣé ó mọ̀ ni? Àbí ó kàn ń wá ẹni tó máa gbà á gbọ́?

Ní Sátidé tó kọjá, Alájà gbé fóònù ẹ̀ lé mi lọ́wọ́. "Ọmọ mi, ìwọ nìkan ni ọkàn mi balẹ̀ sí. Ìyàwó yẹn ń fi ẹ̀bẹ̀ dà mí láàmú. Bá mi dí nọ́ḿbà ẹ̀."

Ẹ jọ̀ọ́, mo dí i. Alájà ṣàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ báyìí, ẹ̀rù ni kò jẹ́. Ẹ bá mi dá sí i: ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀, Alájà tí mo fọ́ lójú, àbí Àǹtí Bàṣírà tí mo tú nílé?